Ibi Tí Ohùn Ìye Dé

A ti sin ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi, àwọn tó fẹ́ sọ̀rọ̀ níbi ìsìnkú sì ti sọ tiwọn. Pásítọ̀ ní jagunjagun ni nínú àdúrà. Aṣojú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ní òpó ilé Ọlọ́run ni. Bàbá mi ní abiyamọ tòótọ́ ni, omijé ò sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí gbogbo wa mọ̀, tí a fò dá bí ẹni fo gọ́tà. Níbi tí mo jókòó sí lójú pósí, ojú ń tì mí pé ìdajì èèyàn la gbé wá sin, a fi ìdajì tó kù pamọ́ sílé. Ìdajì yẹn ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ẹ máa rí i pé n kò pè é ní "wọ́n". Kì í ṣe àìlẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ Oǹdó ni, ọkọ ló gbé e wá sí Ìsìkàn ní Àkúrẹ́. Nílé wọn ní Oǹdó, wọn kì í sọ ẹnì kan di ọ̀pọ̀ nítorí pé ó dàgbà. "Ìye" tí à ń pè é gan-an, bí wọ́n ṣe ń pe ìyá lọ́hùn-ún nìyẹn. Mi ò lè pè é ní "ìwọ" lójú ara rẹ̀ o, ìyá mi á gbá mi létí. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí mo bá ní, "Ìye, ẹ jókòó," á wẹ̀yìn wò, á wá ọ̀tún, á wá òsì, á ní, "Èmi àti ta ni?"

Ẹni tí Ìye ò bá tíì gbàdúrà fún lójú títì kò tíì mọ Ìye. Bí mo bá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ tí mo fẹ́ lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, á sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, á dá ọlọ́kadà dúró fún mi. Bí mo bá ti gùn ún tán, ìgbà yẹn ló máa wá rántí àdúrà. Á di orí mi mú, á fún un pọ̀ bí ẹni ń fún ọsàn, á bẹ̀rẹ̀ láti àtẹ́lẹsẹ̀ mi lọ sókè. Bó bá dé orí, á bọ́ sórí ọlọ́kadà, á gbàdúrà fún bíréèkì rẹ̀, fún táyà rẹ̀, fún ìyàwó tó ń retí rẹ̀ nílé. Ọlọ́kadà mìíràn á ti pa ẹ̀ńjìnnì, á ṣí fìlà. Èmi á máa yọ́ wo aago nítorí ọ̀gá mi ní Alágbàka. Lọ́jọ́ kan tí mo ké pé, "Ìye, ọ́fíìsì!" ó la ojú kan, ó ní, "Ta ló fún ọ ní ọ́fíìsì ọ̀hún?"

Ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ó ti fi í kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì fẹ̀yìn tì, ohùn náà kò bá a fẹ̀yìn tì. Òun àti bàbá mi kì í yé jà lórí àdúrà. Bàbá mi, Fẹ́mi àkọ́bí rẹ̀, kì í fẹ́ kí oúnjẹ tutù: "Olúwa, a dúpẹ́, àmín," ọwọ́ ti wà nínú iyán. Ìye á bá gbé àwo kúrò níwájú rẹ̀, irun orí bàbá mi ti funfun báyìí o, á ní kó tún un gbà. Ó sọ fún un níṣojú wa lọ́jọ́ Kérésìmesì kan pé, "Bí ẹni ń kí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà lo ṣe ń kí Ọlọ́run. Kó o ṣáà ti kọjá."

Ó ní àṣà kan, gbogbo wa la sì kọ́ ọ. Bí ìròyìn burúkú bá dé, ìbáà ṣe ọkọ̀ tó dànù lọ́nà Ọ̀rẹ̀, ìbáà ṣe ilé tó jó ní Ìjàrẹ́, ká tó béèrè ẹni tó kú, a ó ti yí ọwọ́ po orí, a ó ta ìka dànù sẹ́yìn: "A ò ní rí irú ẹ̀! Kò ní dé ọ̀dọ̀ wa!" Ìye máa ń ta ìka tiẹ̀ kó dún. Èmi náà ń ta á, mò ń ta á ní ọ́fíìsì, mò ń ta á nínú mọ́tò. Kò sẹ́ni tó ronú sí i nínú wa pé a ti lé àjálù lọ sílé ẹlòmíràn, a sì ti gbàgbé ẹlòmíràn ọ̀hún sójú ọ̀nà.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Àláájà.

Kànga kan ló wà láàárín ilé wa àti ilé Àláájà, ìyá Mutíù. Nígbà tí bàbá àgbà mi àti ọkọ Àláájà fẹ́ mọ ògiri, àṣé ojú kànga gan-an ni ògiri náà máa gbà kọjá. Kò sẹ́ni tó fẹ́ yọ̀ǹda rẹ̀ fún ẹnì kejì. Wọ́n bá mọ ògiri dé etí kànga, wọ́n dá a dúró, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti etí kejì. Ìdajì ẹnu kànga wà lọ́dọ̀ wa, ìdajì wà lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn ọkọ ti kú tán, àwọn opó méjèèjì ló ń pàdé níbẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, okùn dóò tí wọ́n fi ń fa omi ń lọ ó ń bọ̀.

Ọmọ bíbí Àkúrẹ́ ni Àláájà, ó kéré, kì í kánjú sọ̀rọ̀. "Oǹdó, o ti jí?" ni ìkíni tiẹ̀. Ìye á ní, "Mo ti jí, Àkúrẹ́ ló kù." Lẹ́yìn náà ni wọ́n máa béèrè ulé, bí wọ́n ṣe ń pe ilé, àwọn ọmọ ulé, ẹ̀yìn ríro, gbogbo ohun tí wọ́n ti béèrè lánàá. Nígbà tí gìrì gbé Mutíù ní kékeré, ẹ̀yìn Ìye ló gbà dé ọsibítù. Nígbà tí bàbá àgbà mi kú, Àláájà ló ń bá Ìye sùn nínú yàrá títí ó fi bọ́ aṣọ dúdú. Obìnrin kan nínú ìjọ wa bi Ìye léèrè nígbà kan bóyá ó dára kí onígbàgbọ́ àti ìmàle máa pọn omi kan náà. Ìye ní, "Lọ bi omi."

Obìnrin yìí kan náà, Ìye tó sọ bẹ́ẹ̀, ló gba àdúrà tí mo fẹ́ sọ yìí.

Ọdún tí ilẹ̀ mì ní Tọ́kì ni, tí ilé wó lu àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ lójú oorun. A gbọ́ ọ ní rédíò, a ta ìka. Nígbà tó di Ọjọ́rú, mo yà sí ìsìn ìrọ̀lẹ́ láti ibi iṣẹ́. Ìjọ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra gbohùngbohùn ńlá ni, wọ́n gbé e kọ́ sókè, wọ́n kọjú rẹ̀ sí àdúgbò kí ìyìn rere lè dé ilé gbogbo. Pásítọ̀ ní kí Ìye wá darí àdúrà fún orílẹ̀-èdè. Ó dìde, ó ṣe gèlè rẹ̀ dáadáa, ó gba máìkì tí kò nílò.

"Olúwa, a dúpẹ́ pé kì í ṣe Àkúrẹ́," ó ní. "A dúpẹ́ pé kì í ṣe Oǹdó. Ilẹ̀ tiwa ò ní mì!"

A ní, "Àmín!"

"Àwọn tó kọ̀ Ọ́, tí wọ́n ní Ọmọ Rẹ kì í ṣe Ọmọ Rẹ, Ìwọ lo gbọn ilẹ̀ abẹ́ wọn. Gbọ̀n ọ́n sí i, Olúwa! Gbọ̀n ọ́n títí wọn ó fi mọ̀ Ọ́!"

A tún ní, "Àmín!" Òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí. Àwọn kan ń fò sókè, wọ́n ń jan ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀ kí Ọlọ́run lè rí bí a ṣe ń gbọn nǹkan. Pásítọ̀ ní kí a pàtẹ́wọ́ fún Jésù. Bí a ṣe ń lọ sílé, Ìye ń bi mí bóyá epo ṣì wà ní ìdí ìgò, torí ó fẹ́ se ẹ̀wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Àláájà kò sí lẹ́nu kànga. Ìye rò pé àìsàn ni. Ó pè é lójú ògiri, kò gbọ́ ìdáhùn, ó sì ń gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ nínú ilé. Nígbà tí oòrùn ti mú, ó rí i tó yọ́ wá pọn omi, ó kí i. Àláájà sọ ojú sílẹ̀, ó fa dóò rẹ̀ tó dé ìdajì, ó wọlé. Bẹ́ẹ̀ ló tún ṣe ní ọjọ́ Ẹtì. Ìye pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ kéré débi pé mo rò pé nẹ́tíwọ́kì ni.

"Kí ni mo ṣe fún Àláájà?"

Mo sọ fún un pé bóyá àdúrà Ọjọ́rú ni. Ó ní àdúrà wo. Mo kà á fún un bó ṣe gbà á, láti "a dúpẹ́ pé kì í ṣe Àkúrẹ́" títí dé "gbọ̀n ọ́n sí i."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Ìye."

"Lórí gbohùngbohùn?"

Nígbà tí mo débẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó ti pa rédíò. Ó ní wọ́n sọ pé ilẹ̀ ọ̀hún tún ti mì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún un bí ilẹ̀ ṣe máa ń mì tẹ̀lé mímì, pé kò sí ohun tó kan àdúrà ẹnikẹ́ni. Ó wò mí bí ẹni wo ọmọ tó ń parọ́. "Mo bẹ Ọlọ́run pé kó gbọ̀n ọ́n sí i," ó ní. "Bí kò tilẹ̀ dá mi lóhùn, ohun tí mo bẹ̀ Ẹ́ fún nìyẹn."

Ní Sátidé, ó ní kí n mú òun lọ sí Oǹdó. Mo rò pé ó fẹ́ lọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀. Nínú mọ́tò, kò gbàdúrà fún dírẹ́bà, kò gbàdúrà fún táyà, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ní ilé bàbá rẹ̀, wọ́n gbé àga fún un síta. Ó ní kí n fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Tọ́kì han òun lórí fóònù, torí rédíò lòun fi gbọ́ ọ, òun ò tíì rí i. Mo wá fídíò kan. Obìnrin àgbàlagbà kan ló jókòó sórí búlọ́ọ̀kù tó fọ́, ó gbé ìkòkò kan mọ́ àyà, àwọn èèyàn ń sáré kọjá lọ́tùn-ún lósì, òun kò wo ẹnikẹ́ni. Ìye ní kí n tún un fi hàn. Ó ní kí n tún un fi hàn.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tí bàbá mi pàápàá kò gbọ́ rí. Nígbà tó wà ní ọmọdébìnrin, ìjì kan jà ní Oǹdó, ó ṣí òrùlé ilé tí a jókòó sí iwájú rẹ̀ yìí, òjò sì wọ inú kòkó tí bàbá rẹ̀ kó jọ fún títà. Ilé wọn nìkan ni ìjì ọ̀hún bà jẹ́ ní gbogbo àdúgbò. Bàbá rẹ̀ kò tíì gbàgbọ́ nígbà náà. Nígbà tí òjò dá, àwọn obìnrin ìjọ kan kọjá, wọ́n dúró sójú ọ̀nà, wọ́n na ọwọ́ sókè, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó fi agbára Rẹ̀ hàn nílé aláìgbàgbọ́.

"Ìyá mi sì dúró níbí," Ìye ní, ó tọ́ka sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. "Ìkòkò ọbẹ̀ ló gbé jáde, òun nìkan lọwọ́ rẹ̀ bà. Nígbà tí wọ́n parí àdúrà, ìyá mi ní, ẹ ṣeun."

Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ ni.

"Ó gbọ́ pé èèyàn ń gbàdúrà ní iwájú ilé òun. Ta ni kì í dúpẹ́?" Ó nu ojú rẹ̀. "Mo bú àwọn obìnrin wọ̀nyẹn títí mo fi dàgbà. Mi ò mọ̀ pé inú ẹgbẹ́ wọn ni mo ń lọ."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, ó lọ bá Pásítọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú wọlé. Ó ní kó fún òun ní máìkì ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, òun fẹ́ sọ fún àdúgbò pé àdúrà tí òun gbà kò dára. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọmọ dáadáa ni, ó bọ̀wọ̀ fún un.

"Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n ní ẹ̀ṣẹ̀, ẹ jẹ́wọ́ fún Ọlọ́run ní kọ̀rọ̀, olóòótọ́ ni, á dárí jì yín."

"Ṣé Ọlọ́run nìkan ni mo fi gbohùngbohùn bá sọ̀rọ̀?"

"Màmá, àwọn ará òde á fi ìjọ ṣe yẹ̀yẹ́."

"Àwọn ará òde ló gbọ́ ọ, ọmọ mi."

Kò gbà. Ó ní àdúrà tó ti gòkè ti gòkè. Nígbà tí a délé, bàbá mi ti gbọ́, ó ti wá dúró dè wá. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹni tí ojú máa ń tètè tì ni. Ó ní, "Ìye, ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí lẹ fẹ́ lọ kó jọ?"

Ìye ní, "Ẹyin tó fọ́ sílẹ̀, ṣé wọn kì í nù ún ni? Bí a ò bá nù ún, á rùn."

Ní Ọjọ́rú tó tẹ̀lé e, kò lọ sí ìsìn. Ó rán mi sójú títì. Ó ní bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo gbohùngbohùn, kí n máa rìn lọ títí n kò fi ní gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́, kí n sàmì síbẹ̀, kí n padà, kí n tún gba ọ̀nà mìíràn. Mo ṣe é. Lápá kan, ohùn náà kú lẹ́bàá ẹni tó ń lẹ táyà ní oríta. Lápá kejì, ó dé ilé onídìrí, ó sì kọjá rẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn ilé ìjọ, ó dé etí odò. Nígbà tí mo ròyìn fún Ìye, ó ní ó jìnnà ju bí òun ṣe rò lọ.

Àárọ̀ Sátidé ló bẹ̀rẹ̀. Kò wọ aṣọ ìjọ, aṣọ ilé ló wọ̀, ó mú ọ̀pá. Èmi ni mo gbé agboòrùn lé e lórí. Ojúlé dé ojúlé ni. Á kànlẹ̀kùn, á kí wọn, á ní, "Àdúrà tí ẹ gbọ́ ní Ọjọ́rú ìjelòó, lórí àwọn tí ilẹ̀ mì mọ́, èmi ni mo gbà á. Kò dára. Ẹ dákun, ẹ bá mi gbà á kúrò létí yín." Á sinmi, á lọ sí èyí tó kàn.

Kí n má purọ́, ojú tì mí débi pé mo ń fi agboòrùn bo ara mi ju bí mo ṣe ń fi bo òun lọ. Àwọn kan rò pé àrùn ogbó ti dé. Onídìrí kò tiẹ̀ gbọ́ ọ tán tó fi ní, "Àmín, Màmá." Ẹni tó ń lẹ táyà ní jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lọ́jọ́ náà, òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ìye ní ó dáa, ó sì sọ ọ́ fún un síbẹ̀. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Alágbàka kọjá nínú mọ́tò, ó gbé gíláàsì wálẹ̀, ó ní, "Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí, mo ní à ń na ẹsẹ̀ ni. Ìye wò mí, ó kọrí sí ilé tó kàn.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti ń tún fóònù ṣe. Ó jẹ́ kí Ìye sọ ọ́ tán, ó wá ní, "Màmá, òótọ́ lẹ sọ nígbà yẹn o. Ìdájọ́ ni. Mo ti ń sọ ọ́ fún gbogbo oníbàárà mi, mo ní màmá wa ti gbàdúrà lé wọn lórí." Inú rẹ̀ dùn sí i. Ìye fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ó kúnlẹ̀ fún un, ìyá àgbà mi kúnlẹ̀ fún ọmọ tí kò dàgbà tó mi, níwájú ṣọ́ọ̀bù, nínú eruku. Ọmọkùnrin náà bẹ́ dìde, ó ń dọ̀bálẹ̀, ó ń wí pé, "Màmá, ẹ má pa mí!" Ìye kò dìde títí ọmọkùnrin náà fi gbà pé òun ò ní sọ ọ́ mọ́. Bàbá mi pè mí lórí fóònù ní ìdúró yẹn, ó ti gbọ́, kò kí mi, ó ní, "Mú ìyá mi wálé." Mo pa fóònù.

Ilé tó sún mọ́ wa jù lọ ni Ìye fi ṣe ìkẹyìn. Ó rìn dé etí odò kó tó lè rìn dé ẹnu ọ̀nà Àláájà. Nígbà tí a débẹ̀, oòrùn ti wà ní àtàrí. Ó dúró pẹ́ kó tó kànlẹ̀kùn. Gbogbo ilé tí a ti lọ, ó lè ṣe láìsí ìdáríjì wọn. Ti ibí yìí, kò lè ṣe láìsí i.

Àláájà fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Ó wo Ìye, ó wo eruku tó wà lórúnkún rẹ̀.

Ìye ní, "Àdúrà tí o gbọ́ ní Ọjọ́rú ìjelòó..."

"Má sọ ọ́," Àláájà ní.

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo ti sọ ọ́ fún gbogbo Ìsìkàn. O kò kí mi mọ́ lẹ́nu kànga, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi."

"Oǹdó, má sọ ọ́, mo bẹ̀ ọ́." Àláájà fi ọwọ́ di òpó ilẹ̀kùn mú. "Èmi ni n kò lè wo ojú rẹ. Mo ń ṣa ìrẹsì lọ́wọ́ ní ulé mi lọ́jọ́ náà. Mo gbọ́ ohùn rẹ. Láti ọjọ́ tí a ti mọ ara wa, bí o bá ń gbàdúrà lójú ògiri yìí, èmi a máa ṣe àmín sí i láti ibí. Mi ò sọ fún ọ rí. Fún àwọn ọmọ rẹ, fún àwọn ọmọ tèmi tí o máa ń dárúkọ mọ́ wọn, mo ń ṣe àmín. Lọ́jọ́ yẹn náà, o gbàdúrà, mo ní àmín. O tún gbà á, mo ní àmín. Ẹnu mi ti pa dé kí etí mi tó gbọ́ ohun tí o wí."

Ìye gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

"Àwọn ará mi ni wọ́n, àwa jọ ń kọjú sí ibì kan náà kírun," Àláájà ní, "mo sì ṣe àmín pé kí ilé wó lù wọ́n. Mo rò pé ùwọ ti mọ̀. Mo rò pé ohun tí o ń pè mí lójú ògiri láti bi mí nìyẹn."

Ìye jókòó sílẹ̀ lórí pèpéle, kò wo ibi tó jókòó sí. Àláájà náà rọra sọ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í. Mo pa agboòrùn, mo wá nǹkan tí mo lè máa wò. Ìye wá béèrè, pẹ̀lú ohùn tí mi ò mọ̀ fún un, pé ẹnu wo ni òun máa fi gbàdúrà báyìí.

Àláájà ní, "Ẹnu kan náà la ní, Ìyá Fẹ́mi. Ká fi bẹ̀bẹ̀."

Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀, olúkúlùkù ní tiẹ̀, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé èmi tí mo dúró tì wọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan.